Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Lójú Òfuurufú

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí kìrìbìtì yẹn fi di ọkọ̀ tíṣà àti ọkọ̀ nọ́ọ̀sì káàkiri ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, láti Owódé dé Ìdí-Ìrókò. Ìjàpá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ni ń tù ú lára. Mẹkáníìkì tí kò ní ju sípánà mélòó kan lọ́wọ́ lè sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi, kó tún un ṣe, kó sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nídìí àwọn danfo àkọ́kọ́ tó ń kó èrò lọ sọ́jà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ rárá, ẹ́ńjìnnì yẹn ti ń fò ní Faransé àti ní Ìlú Ọba. Nínú àlọ́, ìyẹ́ àwọn ẹyẹ ni Ìjàpá tọrọ kó tó lè gòkè ọ̀run. Nígbà tí oníkálukú gba ìyẹ́ rẹ̀ padà, ó já lulẹ̀. Ìjàpá ti ará Jámánì yìí kò tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, agbára inú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ló gbé bàálù kúrò nílẹ̀. Ìtàn bó ṣe débẹ̀ gùn ju ìtàn Volkswagen fúnra rẹ̀ lọ, torí ọmọ ìyá ni ẹ́ńjìnnì mọ́tò àti ẹ́ńjìnnì bàálù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Wilbur àti Orville Wright ń wá ohun tí yóò yí abẹ̀bẹ̀ bàálù wọn ní Dayton, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí, títí kan àwọn tó ń ṣe ti mọ́tò. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: agbára ẹṣin 8, kó má sì ju nǹkan bíi kílò 80 lọ. Kò sẹ́ni tó bá wọn ṣe é. Charlie Taylor, mẹkáníìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, ló jókòó tì í, tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Agbára ẹṣin 12 ló ń mú wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ó gbé Orville sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Sílíńdà mẹ́rin tó tò tẹ̀léra, omi tó ń tù wọ́n: bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ìgbà yẹn ṣe rí náà nìyẹn. Ìwúwo ni Taylor dín kù.

Lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dé. Owó ìjọba rọ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ́ńjìnnì bàálù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó sì di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tí kì í ṣe ológun, tí kì í sì í ṣe olówó, kò lè fọwọ́ kàn án. Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ló padà sídìí mọ́tò, ìtàn tiwọn ni mo sì fẹ́ràn jù.

Bernard Pietenpol ń gbé ní Cherry Grove, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Mẹkáníìkì ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ohun tó mọ̀. Ní ọdún 1929, ó mú ẹ́ńjìnnì Ford Model A, mọ́tò tí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò rẹ̀ ń gùn, ó so abẹ̀bẹ̀ onígi mọ́ ọn, ó gbé e síwájú bàálù onígi tí ó fi aṣọ bò, ó sì fò. Olótùú ìwé ìròyìn Modern Mechanics, Westy Farmer, kò gbà pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò lè gbé bàálù gidi. Pietenpol kò bá a jiyàn nínú lẹ́tà. Ní 1930, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wa méjì nínú bàálù náà lọ bá olótùú ní Minneapolis. Ọkùnrin náà rí i, ó gbà, ó sì tẹ àwòrán bàálù náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Air Camper, jáde kí ẹnikẹ́ni tó bá ní pákó, aṣọ àti Ford àlòkù lè kàn án. Títí dòní ni àwọn ènìyàn ṣì ń kàn án.

Ìdí tí ti Pietenpol fi ṣiṣẹ́ yẹ kí mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e ti ṣubú. Ford Model A kì í sáré. Agbára ẹṣin 40 rẹ̀ ti pé nígbà tó bá yí ní nǹkan bíi 2,200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ̀bẹ̀ bàálù sì fẹ́ràn ohun tó ń yí ní pẹ̀lẹ́. Mú abẹ̀bẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan àbọ̀. Tó bá yí ní ìgbà 2,700 ní ìṣẹ́jú, etí rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 210 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò òde òní yí i ní ìgbà 5,500, etí yẹn yóò kọjá mítà 430, ìyẹn ju bí ohùn ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ariwo ni yóò máa pa, agbára tó yẹ kó fi fa bàálù yóò ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ́ńjìnnì tó ń sáré gbọ́dọ̀ fi gíà tàbí bẹ́líìtì sáàárín. Nídìí gíà yẹn ni wàhálà wà. Iná tó ń bú nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan máa ń ti kiráǹkì lójijì, á tún dẹwọ́. Abẹ̀bẹ̀ tó wúwo kò yára dáhùn. Irin tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń lọ́, tó ń tú, títí yóò fi kán lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ní Ìlú Ọba, Sir John Carden sọ ẹ́ńjìnnì Ford Ten di ti bàálù ní àárín àwọn ọdún 1930. Wọ́n so ó mọ́ Pou-du-Ciel, bàálù kékeré tí Henri Mignet ará Faransé yàwòrán rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kàn lẹ́yìnkùlé wọn. Bàálù yẹn pa ènìyàn, wọ́n sì fòfin dè é, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ló ní àbùkù. Ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yìn ogun Hitler ni Ìjàpá wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì tí àwọn èèyàn Ferdinand Porsche ṣe fún Volkswagen ní sílíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀, méjì kọjú sí méjì, atẹ́gùn ń tù wọ́n, ìkarahun rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ ṣí iwájú bàálù Cessna kékeré wò, bí ẹ́ńjìnnì Continental tàbí Lycoming inú rẹ̀ ṣe tò náà nìyẹn. Roger Druine ará Faransé rí i bẹ́ẹ̀, ó sì yàwòrán Turbulent, bàálù ẹlẹ́nìkan tí agbára ẹṣin 30 tó. Ilé iṣẹ́ Rollason ń kàn án ní Croydon lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1959, Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, ẹni tó bá a wá sí Nàìjíríà ní 1956, jókòó sínú ọ̀kan, òun nìkan, ó sì fò lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tíṣà ló gbé ọmọ ọba o! Ilé iṣẹ́ Limbach ní Jámánì tilẹ̀ sọ ọ́ di òwò: wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Volkswagen, ìjọba wọn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún àwọn bàálù alápá gígùn tó lè pa ẹ́ńjìnnì lókè, kó sì máa rábàbà bí àwòdì.

Àmọ́ kí mẹkáníìkì kankan ní Sábó tàbí ní Ọjà-Ọ̀dàn má rò pé kí a yọ ọ́ nídìí danfo, kí a so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ ti parí. Nínú mọ́tò, yíyí ni kiráǹkì ń yí, ìgbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni nǹkan ń tì í síwá sẹ́yìn. Nínú bàálù, abẹ̀bẹ̀ ń fà á síwájú láìdáwọ́ dúró, bẹ́árìn tó bá gba ìfà yẹn sì gbọ́dọ̀ lágbára. Lójú ọ̀nà Ìlaròó sí Owódé, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ́ńjìnnì ni a sábà ń lò, a sì ń dẹsẹ̀ níbi kòtò. Bàálù ń lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún wákàtí gbáko láìsinmi, ooru inú rẹ̀ kò sì ní ibi tó fẹ́ sá sí. Orí sílíńdà Volkswagen máa ń gbóná jù, fáàfù tó ń tú èéfín jáde a sì máa kán. Ti iná tún wà ńbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kan ni Ìjàpá ní fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Lycoming ní méjì, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fún wọn ní iná, ìkankan wọn kò sì gbójú lé bátìrì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbé ọ délé.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ yóò sọ̀kalẹ̀, yóò ṣẹ́ ewé sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i, yóò sì wá mẹkáníìkì lọ. Lókè, kò síbi tí a ń ṣẹ́ ewé sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì Volkswagen fi ṣe dáadáa nínú bàálù ẹlẹ́nìkan tó fúyẹ́, tó lè rábàbà wá sínú pápá, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé inú bàálù tó ń kó èrò.

Àwọn mìíràn gbìyànjú. Pietenpol fúnra rẹ̀ kúrò nídìí Ford lọ sídìí Chevrolet Corvair ní àwọn ọdún 1960. Subaru bọ́ sínú àwọn bàálù kéékèèké tí abẹ̀bẹ̀ ńlá wà lórí wọn. Ilé iṣẹ́ Porsche náà sọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ 911 di ti bàálù, ilé iṣẹ́ bàálù Mooney sì gbé e sínú tirẹ̀ ní 1988. Ó dára, ó gbówó lórí, àwọn oníbàárà kò pọ̀, wọ́n dá a dúró ní 1991. Orúkọ ńlá kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Níbi tiwa ńkọ́? Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ológun òfuurufú Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí bàálù ìkọ́ṣẹ́ kan ní Kàdúná, Air Beetle ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ló wà nínú rẹ̀. Rárá o. Àwòrán bàálù RV-6A ti Richard VanGrunsven ará Amẹ́ríkà ni wọ́n tẹ̀ lé, Lycoming ló sì ń fà á. Mo gbà pé ọgbọ́n ni wọ́n lò: ọmọ tó ń kọ́ wíwà kò yẹ kó tún máa dán ẹ́ńjìnnì wò.

Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò sókè ní Nàìjíríà lójú gbogbo ayé ni Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Bayero ní Kánò. Ọmọ ọdún 24 ni ní ọdún 2007 tí ìròyìn rẹ̀ kàn. Owó tó ń rí nídìí títún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ló ń fi ra irin. Oṣù mẹ́jọ ló fi kan hẹlikópítà elérò mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì Honda Civic àlòkù, agbára ẹṣin 133, ló fi ṣe é. Àga rẹ̀ wá láti inú Toyota. Ìròyìn sì sọ pé díẹ̀ lára ohun èlò rẹ̀ wá láti ara Boeing 747 tó já lẹ́bàá Kánò. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti gbé e sókè ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà, kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn gíga nínú rẹ̀. Ó tún ní kò tíì sí ẹni tó wá wo iṣẹ́ òun láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọmọ yẹn gidigidi, àmọ́ inú mi kò dùn sí irú ìyìn tí a fún un. A pariwo pé ọmọ Nàìjíríà ti kan hẹlikópítà, a pàtẹ́wọ́, a sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ohun tó yẹ ká béèrè ni wákàtí mélòó ni Honda yẹn ti ṣiṣẹ́ láìkú lórí ilẹ̀, báwo ló ṣe gbóná tó, kí ló sì fi so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ òkè. Hẹlikópítà tún nira ju bàálù alápá lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bàálù alápá bá kú, apá á ṣì máa gbé e bọ̀ wálẹ̀. Ti hẹlikópítà gba kí awakọ̀ mọ bí yóò ṣe jẹ́ kí atẹ́gùn máa yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, kó sì ti ga tó láti ráyè ṣe é. Ní Kẹ́ńyà, Gabriel Nderitu fi ẹ́ńjìnnì Toyota kan bàálù tirẹ̀, àkọ́kọ́ kò gbéra rárá. Ó tún kan òmíràn. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ló ń mú iṣẹ́ tẹ̀síwájú, kì í ṣe àtẹ́wọ́.

Bí o bá fẹ́ rí ibi tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ti di ẹ́ńjìnnì bàálù pátápátá, Ìlọrin ni kí o lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awabàálù tó wà níbẹ̀, International Aviation College, ń lo bàálù Diamond DA40 àti DA42. Nínú Diamond tí NG wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Austro AE300 ló ń ṣiṣẹ́, agbára ẹṣin 168, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì díísù Mercedes-Benz tí a ṣe fún mọ́tò kékeré. Ṣáájú Austro, Thielert ará Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é: ó gbàwé àṣẹ fún Mercedes tirẹ̀ ní 2002, ó sì wọ gbèsè ní 2008. Ohun tó mú kí díísù wọlé ni epo. Epo bàálù kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní avgas, ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà; irú epo tí bàálù ńlá ń rà ní Ìkẹjà, tó sún mọ́ karosíìnì, ni díísù wọ̀nyí ń mu, ó sì wà ní gbogbo pápákọ̀ òfuurufú ńlá.

Ẹ́ńjìnnì díísù yìí kò dé ibẹ̀ láìfarapa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ní Speyer ní Jámánì, bátìrì DA42 kan tó ní ẹ́ńjìnnì Thielert ti kú. Wọ́n fi iná ìta tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì, bí àwa náà ṣe ń jọ́mpù mọ́tò ní gáréèjì. Ó gbéra. Bí awakọ̀ ṣe ní kí ẹsẹ̀ bàálù wọlé, iná lọ sílẹ̀ lójijì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì pòrúùrù, ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú papọ̀. Ikùn ni bàálù náà fi balẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Lycoming àtijọ́ tí kò gbójú lé bátìrì kì bá ti mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún ètò iná rẹ̀ ṣe lẹ́yìn èyí. Gíà Thielert pàápàá, wákàtí 300 ni wọ́n ní kí wọ́n máa yọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Owó àti ìwé ńlá ni wọ́n fi sọ Mercedes di ẹyẹ, kì í ṣe ọgbọ́n orí nìkan.

Ọ̀rọ̀ epo tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan kan àwa ará ẹnubodè ní ilẹ̀ Yewa ju ẹlòmíràn lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ EAA, tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní 1953 fún àwọn tó ń kan bàálù nílé, gbàwé àṣẹ ní 1982 pé kí Cessna 150 máa mu bẹntiróò mọ́tò. Ní Gánà, ní Kpong, àwọn ọmọbìnrin tí Patricia Mawuli wà lára wọn kọ́ bí a ṣe ń kan bàálù kéékèèké, wọ́n sì ń lo ẹ́ńjìnnì Rotax tó ń mu irú bẹntiróò bẹ́ẹ̀. Rotax 912 kì í ṣe ti mọ́tò, bàálù ni wọ́n ṣe é fún ní Ọ́sítríà, ó sì ní gíà tirẹ̀ láti ilé. Òun ló gba ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ Volkswagen. Àmọ́ irú bẹntiróò wo? Ní ọdún 2019 ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n má gbé epo dé ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè, nítorí fàyàwọ́. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tó ti gba ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin kọjá, tí omi àti ìdọ̀tí ti wọ̀, mọ́tò lè wúkọ́ díẹ̀ kó sì máa lọ. Awabàálù gbọ́dọ̀ fa díẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ife, kó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kó wo omi inú rẹ̀ kó tó gbéra.

Òfin Amẹ́ríkà kò ka ẹ́ńjìnnì mọ́tò léèwọ̀ fún ẹni tó kan bàálù fúnra rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ bá ti gbàwé àṣẹ pọ̀, wákàtí 25 ni kí oníbàálù fi dán an wò níbi tí kò sí èrò. Bí kò bá tíì gbà á, wákàtí 40. Wákàtí 15 tó lé yẹn ni ìyàtọ̀ tí òfin rí láàárín Lycoming àti Ìjàpá. Ó kéré lójú mi, ṣùgbọ́n ó ju àtẹ́wọ́ lọ.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì ìjọba àpapọ̀ ní Ìlaròó kò nílò bàálù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá tó ti dákẹ́ sábẹ́ igi kò wọ́n ní ilẹ̀ Yewa. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ tún un ṣe, ẹ dè é mọ́ férémù irin tí a rì mọ́ kọnkéré, ẹ so abẹ̀bẹ̀ onígi mọ́ ọn, ẹ fi wáyà yí i ká kí ọmọdé má sún mọ́ ọn, kí ẹ sì tàn án fún wákàtí 50 ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Ẹ máa kọ bí orí sílíńdà àti ọ́ìlì rẹ̀ ṣe ń gbóná tó sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 15. Bí nǹkan bá kán, ẹ kọ ohun tó kán àti wákàtí tó kán, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ìwé náà rí i. Kí ìwé yẹn tó pé, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lẹ́yìn rẹ̀.